Àgbàdo Ìyá Rẹ Ṣì Wà Lórí Àjà

Fágbénlé Àjàní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Mobọ́lájí ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì lé ọ? Kí Ògún tí bàbá mi sìn jẹ́ kí ọkọ̀ tí o ń wọ̀ máa gbé ọ lọ, kó sì máa gbé ọ bọ̀, kí irin má fi ẹ̀jẹ̀ rẹ wẹ̀. Bí o bá ń béèrè èmi náà, mo wà láàyè. Orúnkún ń dùn mí, ojú ọ̀tún mi ti ń rí ayé bí ẹni pé wọ́n da omi láfún sí i, ṣùgbọ́n eyín mi ṣì lè fọ́ egungun adìyẹ, nítorí náà má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Sìlífátù ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ìyá Haleemah, ará Kemta tó ń ra láfún lọ́wọ́ ìyá rẹ láti ìgbà tí o ti ń rìn níhòòhò. Ó ṣì ń wá lọ́jọ́ ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láfún tí èmi ń ṣe kò dára, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó ní ó rí bí iyanrìn, ó sì ń rà á. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá la ẹnu sọ ni kó kọ, kó má bá mi fi oyin sí i. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé mo ń kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní Bàbá, bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó rọra pa á ni, bóyá o ṣì ń rí i lábẹ́ rẹ̀.

Ilé ò burú. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ ni méjèèjì, ọ̀kan ń jẹ aṣọ. Olújìmí káfíńtà, aládùúgbò wa tó kọjú sí wa, ti kan ilẹ̀kùn tuntun fún ara rẹ̀, ilẹ̀kùn náà dára ju ilé lọ. Àwọn ọmọ yunifásítì ti gba gbogbo yàrá tó wà ní Alábàtà tán, wọ́n ti ń yọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Ọ̀kan wá bi mí bóyá mo ní yàrá tí mo lè fún òun. Mo bi í pé kí ló ń kọ́, ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ sanwó ilé ìwé, kó mú ọkọ́ wá, oko ń bẹ. Kò padà wá mọ́. Bó padà wá náà, yàrá kan tó ṣófo nílé yìí, tìrẹ ni, ẹní rẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò fi háyà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló mú mi pe Sìlífátù jókòó. Ọ̀rọ̀ àgbàdo ìyá rẹ ni. O rántí pé kí Ṣàngówùmí ìyá rẹ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ti ṣa àgbàdo irúgbìn rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì pẹ̀lú háhá wọn, ó fi wọ́n kọ́ orí àjà ilé ìdáná, lókè ààrò, kí èéfín lè máa fẹ́ sí wọn. Àgbàdo funfun kékeré yẹn ni, tó gbé wá láti ilé ìyá rẹ̀ ní Owódé nígbà tí mo fẹ́ ẹ, tí ẹ̀kọ rẹ̀ máa ń dì gbagidi bí ẹni tó ń bínú. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in lábúlé yìí mọ́. Irúgbìn inú ọ̀rá ni wọ́n ń rà báyìí, èyí tí wọ́n fi àwọ̀ pupa kùn bí ètè ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Nílé tiwa, o mọ̀ ọ́n, irúgbìn tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kó tó kú, ọkọ kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá obìnrin ló ti wá, ọ̀dọ̀ ọmọ tí obìnrin náà bí ló ń lọ, ọkọ kàn jẹ́ ẹni tó bá wọn jẹ ẹ̀kọ ni. Ọmọ ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọmọ ló ń gbin èkíní. Ìwọ nìkan sì ni ọmọ. Àwọn tó ṣáájú rẹ, ilẹ̀ ló gbà wọ́n, mi ò ní dárúkọ wọn níbí. Báyìí ni èmi Ògúnfọwọ́kàn ṣe jókòó sábẹ́ àgbàdo tí n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òjò èṣí wá, ó rọ̀ títí, ó lọ, àgbàdo wà lórí àjà. Òjò ti ọdún yìí ti ń kù rìrì níhà Ọ̀dẹ̀dá. Kòkòrò ti wọ inú àwọn kan, ìyẹ̀fun wọn ń já bọ́ sórí ààrò, mo ń fi ọwọ́ gbá a. Bí òjò yìí bá tún kọjá, kì í ṣe irúgbìn mọ́, oúnjẹ adìyẹ ni. Ohun tí ìyá ìyá rẹ fi lé ìyá rẹ lọ́wọ́ á sì tán sí ẹnu adìyẹ.

O ń pè mí, mi ò purọ́ mọ́ ọ. O sì ń fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń dárúkọ àgbàdo báyìí, o ní ẹ ò gbọ́ mi dáadáa, Bàbá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń lọ. Mo mọ Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn. Èmi náà ti bá a pàdé. Sìlífátù mú mi lọ sí báǹkì kan nígboro kí wọ́n lè gba ìka mi sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń tàn bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n ní kí n gbé àtàǹpàkò lé e. Mo gbé e lé e, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ẹ̀gẹ́, ó lóun ò rí i. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ wo ọwọ́ mi, ó ní Bàbá, ìka yín ò ní ìlà mọ́. Mo ní òótọ́ ni, ọkọ́ ló gbà á, mo bi í bóyá kí n lọ gbé ọkọ́ náà wá, nítorí ara èèkù rẹ̀ ni gbogbo ìlà ìka mi wà. Ó ní kí n ṣì padà wá lọ́la ná, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí. Mo padà lọ, kò tún sí. Mo bi ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà pé irú ọ̀gá wo ni Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí tí kì í wá síṣẹ́, tí wọn ò sì lé e. Ó ní Bàbá, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo gbé iṣu kan fún ọlọ́dẹ pé kó bá mi fi jíṣẹ́ fún un, pé láti ọwọ́ àgbẹ̀ kan ni. Nígbà tí mo tún padà lọ, ó ti dé síṣẹ́! Wọ́n gba ìka òsì mi wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sìlífátù ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí òun náà ló ń dí ọ lọ́wọ́ ní Èkó, gbé iṣu fún un.

Fóònù tí o fún mi lẹ́yìn ìsìnkú ṣì wà. O rántí pé o kọ́ ọ pé kó máa kọ bí àkùkọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí n lè rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń kọ, kì í ṣàìsàn. Àkùkọ wa gan-an ti wá a wá sí yàrá, ó ń yí i ká, ó ṣá a lẹ́nu, èyí ò dákẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá kọ tí ara mi ò tíì fẹ́ dìde, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ nínú pé kó dúró díẹ̀. Ó máa dákẹ́. Mi ò sì ní tíì yí ẹ̀gbẹ́ kejì tí yóò fi padà wá, kò bínú, kò bi mí pé kí ló dé. Mo tún lé e, ó tún padà. Mo sọ fún Olújìmí pé ohun tó ń gbé nínú fóònù yìí ní ìwà ju ọmọ ènìyàn lọ, nítorí pé bó bá ní òun ń padà bọ̀, ó ń padà bọ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù yìí kan náà ló fi mí ṣẹ̀sín. O fi ohùn ránṣẹ́ sínú rẹ̀, Olújìmí bá mi tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ. O ní, Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló dè mí mọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mò ń bọ̀ wá sọ àgbàdo Màámi kalẹ̀, dájúdájú. Inú mi dùn. Mo gbá àgbàlá, mo fọ ẹní rẹ, mo ra ẹja. O ò wá. Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, mo ní kí Olújìmí bá mi wò ó bóyá o tún sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. O tún ní iṣẹ́ ló dè ọ́ mọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dájúdájú. Mo tún gbá àgbàlá, mo tún ra ẹja. Báyìí ni mo ń ṣe é, Àjàní. Bí o bá ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń dá ọ lóhùn, mo ń bi ọ́ pé irú iṣẹ́ wo ni kì í tú ènìyàn sílẹ̀, o kì í dúró gbọ́, o ti lọ. Mo sọ fún Olújìmí pé ẹ̀rù rẹ ń bà mí, ọ̀rọ̀ kan náà lo ń sọ bí ẹni tí ibà ń ṣe, àfi kí n wá ewé kan ránṣẹ́ sí ọ. Olújìmí ní hùn. Òjò dá, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò dé.

Ọjọ́ tí Sìlífátù bá wa lẹ́nu rẹ̀, ó gba fóònù náà, ó wò ó, ó wò mí, ó wo ẹja lọ́wọ́ mi. Ó ní Bàbá, ohùn àtijọ́ nìyí o. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lo sọ ọ́, àti pé inú fóònù ló ń gbé, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa gbọ́. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó ń wí yìí wá ńkọ́? Ó ní ó ti kọjá tipẹ́. Mi ò tíì rò ó tán títí di òní. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò dé, tí kò sì kọjá, tí kì í gbó, kí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ níbẹ̀?

Sìlífátù yíjú sí Olújìmí. Ó ní ìwọ yìí, ṣé pákó lo fi ṣe orí tìrẹ ni, tí o ń wo àgbàlagbà tó ń ra ẹja fún afẹ́fẹ́! Olújìmí wolẹ̀. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ òun fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ Bàbá, òun ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá ti ra ẹja, ojú ẹja náà ń wo òun. Bó ṣe wá ń pẹ́ sí i ló ń le sí i. Sìlífátù bú u títí, ó sì bá wa se ẹja náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ ẹ́.

Mo bínú sí ọ nígbà náà. Mo ní ọ̀lẹ ni ọ́. Mo ní a sọ ọ́ ní Fágbénlé, o ò gbélé rí. Mo fura sí Mobọ́lájí pé òun ló ń dí ọ lọ́nà, kí o bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí, ṣùgbọ́n má sọ ohun tí mo fura sí fún un. Ọjọ́ kan Láwàlì ọlọ́kadà ń gbé mi bọ̀ láti Alábàtà, mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń bú ọ bọ̀ lójú ọ̀nà. Bí a ṣe dé orí afárá, ó dúró gbọn-in. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u mọ́, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní òun gbé ọ rí. Ó ní nígbà ọyẹ́, o sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Alábàtà, o gbé búrẹ́dì lọ́wọ́, o ń bá òun ṣàwàdà bọ̀ títí ẹ fi dé orí afárá yẹn. O ní kó dúró. O wo ọ̀kánkán ilé wa títí. O bi í pé ṣé wọn kì í dáná níbẹ̀ mọ́ ni. O gbé búrẹ́dì fún un, o ní kó yí ọ̀kadà padà, o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún mi. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá rí mi lòun ń sọ pé bí Bàbá bá tún gun ọ̀kadà òun, òun á sọ. Mo bi í pé búrẹ́dì náà dà. Ó ní àwọn ọmọ òun ti jẹ ẹ́. Mo ní kó bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì mi ni.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo dúró síbi tó ní o dúró. Mo wo òkè. Òrùlé ilé ìdáná ìyá rẹ dúdú, afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ mọ́ roro, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá ń ti ilé ìwé bọ̀, orí afárá yẹn lo ti máa ń rí èéfín, wàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú àpò ìwé lórí. Mi ò mọ̀ pé ilé tí kò ní èéfín máa ń rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ń bọ̀. Inú ilé ni èmi wà. Iwájú ilé ni mo ti ń dá iná tèmi, lórí òkúta, n kì í wọ ibẹ̀ ju kí n gbá ìyẹ̀fun kòkòrò lọ. Má bi mí nídìí rẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti pè ọ́ ní ọ̀lẹ mọ́. Olújìmí kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ń rẹ́ pákó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Láwàlì kì í ṣe ọ̀lẹ, ọ̀kadà rẹ̀ kì í tutù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni méjèèjì ní láti sọ, wọ́n ń gbé e kiri. Mo wá rí i pé ohun tí ènìyàn bá ń sún láti òní di ọ̀la, ohun náà fúnra rẹ̀ lè má wúwo, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ta ló ń sá fún àgbàdo? Bí o bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyá rẹ ti kú nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lókè, ó dà bí ẹni pé ó lọ sí ọjà ni, pé yóò dé, yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sìlífátù ti dákẹ́ kíkọ, ó ń fi ìborùn nu ojú. Mo ní kó má da omi sórí ìwé mi.

Ó ti kú, Àjàní. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, pé nígbà tí mo ránṣẹ́ sí ọ pé ó ń ṣàìsàn, o ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà yẹn náà. Gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ. Bí o bá dé lọ́sẹ̀ yẹn, ikú á jókòó tì ọ́, á sì pa á níṣojú rẹ. O kì í ṣe dókítà. Kò bínú sí ọ. Ó béèrè rẹ, mo ní o ń bọ̀, ó ní ṣé o ti jẹun. Mo ní o ti jẹun. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àgbàdo wà lórí àjà. Ó sùn.

Òun náà ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo ní oko kan lẹ́bàá odò tí wèrèpè ti bò. O mọ wèrèpè, bó bá kan ara, ènìyàn á máa yún ara bí ajá. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ oko yẹn kọjá, mo ń sọ pé tó bá di ọ̀la. Mo pọ́n àdá títí àdá fi fẹ́ẹ́rẹ́. Mo dẹ pàkúté. Mo tún ilé adìyẹ kọ́, mo tún tú u, mo tún un kọ́. Gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé ni mo ṣe lọ́dún náà, àfi ti oko wèrèpè. Ìyá rẹ ò bá mi jà. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹ̀bá oko lọ́jọ́ kan, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó rìn wọ inú rẹ̀ níwọ̀nba, ó ri ọkọ́ mọ́lẹ̀. Ó ní bá mi ṣán an dé ibi tí ọkọ́ yìí wà, kí o wá jẹun. Mo ní ìyókù ńkọ́? Ó ní ìyókù wo? Ó ní ojú lọ̀lẹ, ọkọ mi, má wo oko, ọkọ́ ni kí o wò. Mo ṣán an dé ìdí ọkọ́, mo yún ara, mo jẹun. Lọ́jọ́ kejì mo bá a tó ti ti ọkọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí, àfi ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí odò níwájú mi, ọkọ́ dúró nínú omi, ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ṣé kí òun tún tì í síwájú ni.

Èmi náà fẹ́ ri ọkọ́ kan mọ́lẹ̀ fún ọ. Mi ò ní kí o wá sọ gbogbo àgbàdo kalẹ̀. Mi ò ní kí o wọ yàrá ìyá rẹ, aṣọ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mi ò ní kí o lọ sí ìdí oórì, ilẹ̀ yẹn kò ní sá lọ. Mi ò ní kí o sùn níbí. Mo ti ro ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo ti kọ ebè sí i, ebè àkọ́kọ́ kò ju kí o na ẹsẹ̀ jáde lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ìdì kan ni kí o sọ̀ kalẹ̀, wóró kan ni kí o yọ nínú rẹ̀, kí o fi sínú ebè kan, kí o fi ẹsẹ̀ bò ó. Rélùwéè tó ń lọ sí Èkó lọ́sàn-án, mò ń gbọ́ fèrè rẹ̀ lókèèrè láti oko, bó bá wù ọ́ kí o wọ̀ ọ́ padà. Wóró kan. Bí o bá wá ń fi èkejì sí i, ìyẹn dọwọ́ rẹ, mi ò ní wo ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n má ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti ní in nínú fóònù.

Sìlífátù ní n kò tíì tọrọ nǹkan kan, ó ní bàbá tó kọ̀wé sí ọmọ ní Èkó tí kò tọrọ owó, wọ́n á ní òun kọ́ ló kọ ọ́. Ó dára. Mo fẹ́ bàtà rọ́bà fún òjò, nítorí ewúrẹ́ ti jẹ ẹnu ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ owó áṣáà. Ṣùgbọ́n má fi sí báǹkì, ọ̀gá yẹn lè má wá síṣẹ́. Àpò ara rẹ ni kí o fi gbé e wá. Owó tí kò bá fi ẹsẹ̀ rìn wọlé lọ́tẹ̀ yìí, n kò gbà á. Kí o sì ra búrẹ́dì. Má fún Láwàlì.

Yasir ọmọ Sìlífátù tó ń kó ọjà lọ sí Èkó ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Sìlífátù ní òun lè ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù kó dé ọ̀dọ̀ rẹ kí íǹkì rẹ̀ tó gbẹ. Mo ní rárá, ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́, yóò kàn máa tún ara rẹ̀ wí ni.

Kí ilẹ̀ tí a sin ìwọ́ rẹ sí má gbàgbé ohùn ẹsẹ̀ rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ má fi ọ̀la tàn ọ́. Ohun tí o bá fọwọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ ló parí rẹ̀. Kí ìyá rẹ, níbi tó wà, máa ti ọkọ́ síwájú fún ọ díẹ̀ díẹ̀.

Fóònù ti ń kọ bí àkùkọ báyìí, oògùn ìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí sí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ nínú, mo ní kó dúró díẹ̀ kí n sọ eyọ ọ̀rọ̀ kan tó kù. Kí Sìlífátù tó pa ìwé yìí dé, yóò ti padà wá.

Eyọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Láti ọjọ́ tí mo ti dúró lórí afárá ni mo ti ń dá iná sínú ààrò ìyá rẹ láràárọ̀. Ọkọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irúgbìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má dáná. Mi ò se nǹkan kan lórí rẹ̀. Igi tútù ni mò ń kó sí i kó lè rú dáadáa. Olújìmí ní mò ń fi igi ṣòfò, mo ní kó lọ kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà, bí o bá dé orí afárá, má wo ilé. Èéfín ni kí o wò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnfọwọ́kàn